Àǹkóò Fáwẹ́lì àti Ìtàn Ìlú: Láti Òkè-Baálẹ̀ dé Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ìfáàrà

Bí olùkọ́ kan bá dúró níwájú kíláàsì ní Òkè-Baálẹ̀ ní ìlú Òṣogbo, tí ó sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà ‘orúkọ’ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kọ ọ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá wà láàárín wọn tí ó dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà tí ó wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò ní í yani lẹ́nu bí ó bá kọ ‘ọrúkọ’. Olùkọ́ yóò fa ìlà pupa sí i. Ní ti ìdánwò, olùkọ́ kò jẹ̀bi, nítorí Yorùbá àjùmọ̀lò ni a fi ń ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi yé ọmọ náà pé ìyá àgbà rẹ̀ kò mọ Yorùbá sọ, ó ti ṣi ọmọ náà lọ́nà. Ìdí ni pé bí a bá gbé òfin àǹkóò fáwẹ́lì kalẹ̀, òfin tí olùkọ́ kan náà yóò kọ́ kíláàsì náà bí ó bá di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ‘ọrúkọ’ ni ó pa òfin náà mọ́. ‘Orúkọ’ ni ó yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí bẹ́ẹ̀. A ó kọ́kọ́ sọ ohun tí àǹkóò fáwẹ́lì jẹ́ àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Lẹ́yìn náà ni a ó wo ọ̀nà mẹ́ta tí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá ń gbà lò ó. Paríparì rẹ̀, a ó wo ìtàn tí ó sọ ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta náà di ti ìwé, tí ó sì fi àwọn méjì yòókù sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà.

Kí ni àǹkóò fáwẹ́lì?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Bí ọ̀rọ̀ fáwẹ́lì náà ti rí nìyẹn. Bí fáwẹ́lì bá bá ara wọn gbé inú ọ̀rọ̀ kan náà, ìwà ọ̀kan a máa ràn mọ́ èkejì, tí wọn yóò fi máa bá ara wọn ṣe. Ìbáṣepọ̀ yìí ni a ń pè ní àǹkóò fáwẹ́lì.

Fáwẹ́lì àìránmúpè méje ni Yorùbá àjùmọ̀lò ní: i, e, ẹ, a, ọ, o, u. Nínú wọn, i àti u jẹ́ àhánupè; e àti o jẹ́ àhánudíẹ̀pè; ẹ àti ọ jẹ́ àyanudíẹ̀pè; a nìkan ni àyanupè. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀-orúkọ onísílébù méjì tí kò ṣeé tú palẹ̀ yẹ̀ wò, a ó rí i pé e àti o a máa bá ara wọn rìn: ewé, epo, olè, owó. Bákan náà ni ẹ àti ọ: ẹsẹ̀, ẹ̀kọ, ọ̀bẹ, ọkọ̀. Ṣùgbọ́n a kò ní í rí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí e tàbí o yóò ṣáájú ẹ tàbí ọ. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ní í rí èyí tí ẹ tàbí ọ yóò ṣáájú e tàbí o. Ẹgbẹ́ ẹyẹ ni ẹyẹ ń wọ́ tọ̀.

Ọ̀rọ̀ fáwẹ́lì a ń fẹ́ àfiyèsí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùdánwò ti ń kọsẹ̀. Bí a bá parí ọ̀rọ̀ sí a, ẹ tàbí ọ ni ó lè ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe e tàbí o: ẹja, ọjà, ọba. Nípa èyí, ọmọ ẹgbẹ́ ẹ àti ọ ni a. Ṣùgbọ́n bí a bá fi a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò sí fáwẹ́lì tí kò lè tẹ̀ lé e: adé, awo, àjẹ́, aṣọ, ajá, àdí. Ohun tí èyí ń kọ́ wa ni pé ọwọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni àṣẹ ti ń wá. Fáwẹ́lì tí ó kẹ́yìn ni ó ń pàṣẹ, èyí tí ó ṣáájú ni ó ń gbọ́ràn. A kò sì jẹ́ yí padà nítorí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rí èyí tún hàn kedere nígbà tí a bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe. Láti ara ‘tò’ ni a ti rí ‘ètò’. Láti ara ‘rò’ ni a ti rí ‘èrò’. Ṣùgbọ́n ‘kọ́’ fún wa ní ‘ẹ̀kọ́’, ‘bẹ̀’ fún wa ní ‘ẹ̀bẹ̀’, ‘tàn’ sì fún wa ní ‘ẹ̀tàn’. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá pàdé ni ó ń sọ aṣọ tí yóò wọ̀.

Yorùbá nìkan kọ́ ni èdè tí ó ní irú òfin yìí. Nínú èdè Ìgbò, fáwẹ́lì mẹ́jọ pín sí ọ̀wọ́ méjì, mẹ́rin ní apá kan, mẹ́rin ní apá kejì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ń sọ ‘o riri’ fún ‘ó jẹ’, tí wọ́n sì ń sọ ‘ọ gara’ fún ‘ó lọ’. Àwọn ará Tọ́kì ń pe ilé ní ‘ev’, wọ́n ń pe àwọn ilé ní ‘evler’. Wọ́n ń pe ẹṣin ní ‘at’, wọ́n sì ń pe àwọn ẹṣin ní ‘atlar’. Lọ́dọ̀ àwọn ará Fínláǹdì, ‘talossa’ ni nínú ilé, ‘kylässä’ sì ni nínú abúlé. Ìyàtọ̀ wà o. Ní Tọ́kì àti ní Fínláǹdì, ìdí ọ̀rọ̀ ni ó ń pàṣẹ fún ìrù. Lọ́dọ̀ tiwa, ìparí ni ó ń pàṣẹ fún ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìdí ahọ́n ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ọdún 1964, Ladefoged lo àwòrán ẹ̀rọ tí ń ríran wọ inú ara láti fi wo bí ahọ́n ṣe ń ṣe nínú ìró èdè Ìgbò. Ní 1967, Stewart fi èdè Àkán ṣàlàyé pé bí a ṣe ti ìdí ahọ́n síwájú tàbí tí a fà á sẹ́yìn ni ó pín àwọn fáwẹ́lì sí ọ̀wọ́ méjì. Bí a bá pe ‘e’ lẹ́yìn náà tí a pe ‘ẹ’, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti yíya ẹnu nìkan. Ìdí ahọ́n náà lọ́wọ́ sí i.

Ibi tí agbára àǹkóò mọ

Òfin yìí kò kọjá ààlà ọ̀rọ̀ kan. Orúkọ Òkè-Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ rere. ‘Òkè’ wà ní ọ̀wọ́ e àti o. ‘Baálẹ̀’ parí sí ẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò ṣeé tú ni, ẹ ìparí ì bá ti fa gbogbo àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni, olúkúlùkù sì ń ṣe ìjọba nílé tirẹ̀.

Orúkọ Iléṣà ń kọ́ wa ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú rẹ̀, e ṣáájú a, èyí tí òfin kò gbà nínú ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé tú. Nítorí náà, bí ó ti wù kí àwọn òpìtàn túmọ̀ orúkọ náà tó, fonọ́lọ́jì ti jẹ́rìí fún wa pé ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ ni, pé ‘ilé’ wà nínú rẹ̀. Ẹ wá wo orúkọ àwọn ènìyàn ibẹ̀, Ìjẹ̀ṣà: ẹ ṣáájú a, òfin kò sì bàjẹ́. Ẹni tí ó bá mọ àǹkóò fáwẹ́lì dáadáa ti mú irinṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí ó lè fi yẹ inú orúkọ wò.

Ọ̀rọ̀ àyálò pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹrí ba fún òfin yìí. A ń sọ ‘sójà’, a ń sọ ‘télọ̀’, a sì ń sọ ‘mọ́tò’, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó bá òfin mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àlejò ni wọ́n; ìwà ìlú wọn ni wọ́n gbé wá.

Kí olùdánwò má sì ṣe da àǹkóò pọ̀ mọ́ àrànmọ́. Nígbà tí ‘oní’ àti ‘epo’ di ‘elépo’, tí ‘oní’ àti ‘ẹja’ di ‘ẹlẹ́ja’, tí ‘oní’ àti ‘adé’ di ‘aládé’, fáwẹ́lì kan gba gbogbo àwọ̀ èkejì pátápátá. Àrànmọ́ nìyẹn. Nínú àǹkóò, kì í ṣe gbogbo àwọ̀ ni ó ń ràn, ìwà kan ṣoṣo ni; ẹ àti ọ ń bá ara wọn ṣe láìjẹ́ pé ọ̀kan di èkejì.

Ọ̀nà mẹ́ta tí a gbà kọjá lára i àti u

Títí di ìsinsìnyí, a kò tí ì sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa i àti u. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, àwọn méjèèjì ń bá tọ̀tún tòsì ṣe: a ní ‘etí’, a ní ‘ẹ̀bi’, a ní ‘òkú’, a sì ní ‘Ọ̀ṣun’. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí i tàbí u bá dúró láàárín fáwẹ́lì méjì tí ó yẹ kí wọ́n bá ara wọn ṣe? Ibí yìí ni àwọn ẹ̀ka-èdè ti pínyà.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti Ọ̀yọ́, òun náà sì ni ti Yorùbá àjùmọ̀lò. Nínú rẹ̀, i àti u dà bí ògiri. Àṣẹ tí ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kò lè rékọjá wọn. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ ‘orúkọ’, ‘èlùbọ́’, ‘ewúrẹ́’ àti ‘odídẹ’. Ọ tàbí ẹ wà ní ìparí, síbẹ̀ e tàbí o ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti Ifẹ̀ àti ti ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Nínú rẹ̀, i àti u dà bí ojú fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Àṣẹ ń gba orí wọn rékọjá láìfọwọ́ kàn wọ́n: ‘ọrúkọ’, ‘ẹ̀lùbọ́’, ‘ẹwúrẹ́’, ‘ọdídẹ’.

Ọ̀nà kẹta ni ti Àkúrẹ́ àti ti àwọn ibì kan ní Èkìtì. Níbẹ̀, i àti u kì í ṣe ògiri, wọn kì í sì í ṣe ojú fèrèsé. Aládùúgbò ni wọ́n, àwọn náà ń jẹ nínú ohun tí ó ń ràn. Fáwẹ́lì mẹ́sàn-án ni ẹ̀ka-èdè wọn ń pè, nítorí pé i ní èkejì tí ìdí ahọ́n fà sẹ́yìn, tí a lè kọ ní ‘ị’, u náà sì ní ‘ụ’ tirẹ̀. Lẹ́nu wọn, ‘ẹ̀lụ̀bọ́’ ni gbogbo rẹ̀ jálẹ̀, kò sí èyí tí ó dá yà.

Bí a bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ‘èlùbọ́’, ‘ẹ̀lùbọ́’, ‘ẹ̀lụ̀bọ́’, ìtàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Fresco ní 1970 àti Capo ní 1985 wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí ị àti ụ nínú àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá àti èdè tí ó bá a tan. Àlàyé tí ó tẹ́ ọ̀pọ̀ onímọ̀ lọ́rùn ni pé fáwẹ́lì mẹ́sàn-án ni ó ti wà rí, pé ní ibi púpọ̀, ị ti rì sínú i, ụ sì ti rì sínú u. Bí àlàyé yìí bá tọ̀nà, a ti mọ ìdí tí i àti u òde òní fi ń bá ọ̀wọ́ méjèèjì ṣe: ènìyàn méjì ni ó wà nínú ẹ̀wù kan. U inú ‘òkú’ lè jẹ́ u láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Un inú ‘Ọ̀ṣun’ lè jẹ́ ọmọ ụ àtijọ́ tí ó fi ọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ohun tí ọmọ Òkè-Baálẹ̀ yẹn kọ kì í ṣe àṣìṣe lásán. Ipa ẹsẹ̀ ohun tí ó ti kọjá lọ ni.

Bí ìtàn ṣe yan ọ̀nà kan

A lè béèrè pé kí ni ó fà á tí ọ̀nà Ọ̀yọ́ fi di ti ìwé. Kì í ṣe nítorí pé ó tọ́ ju àwọn yòókù lọ. Ogun àti ìrìn-àjò ni ó fà á, ìwé títẹ̀ sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Òṣogbo. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ fún wa pé láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ti wá tẹ ìlú náà dó sí etí odò Ọ̀ṣun. Bí a bá tẹ̀ lé ìtàn yìí, ahọ́n Ìjẹ̀ṣà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ìlú náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, àwọn ènìyàn sá wá sí ìhà gúúsù lọ́pọ̀ yanturu. Ní 1840, àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo. Ìṣẹ́gun yìí dá ogun Ìlọrin dúró, ó sì sọ Òṣogbo di ibi ààbò fún àwọn tí ń sá bọ̀ láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀ṣà wá bẹ̀rẹ̀ sí í jùmọ̀ ná ọjà kan náà, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ ara wọn. Ní ọdún 1907 ni ọkọ̀ ojú irin dé ìlú náà, èrò sì tún pọ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni ahọ́n Ọ̀yọ́ fi borí nígboro.

Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Iléṣà. Ìbàdàn ṣẹ́gun ìlú náà ní 1870, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, àwọn Ìjẹ̀ṣà àti àwọn Èkìtì parapọ̀, Ògèdèǹgbé sì ṣe olórí ogun wọn. Àdéhùn àlàáfíà wáyé ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ-ogun tó tú ká. Nígbà tí Adétugbọ̀ pín àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá ní 1967, ọ̀wọ́ àárín gbùngbùn ni ó fi Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì sí, ó sì fi Ọ̀yọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ọ̀wọ́ àríwá-ìwọ̀-oòrùn. Ohun mìíràn tí ó ya ọ̀wọ́ méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé Ọ̀yọ́ kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. ‘Ilé’ ni wọ́n ń pe ohun tí Ìjẹ̀ṣà ń pè ní ‘ulé’. Ìlà ààlà náà sì gba ìtòsí Òṣogbo kọjá. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè gbọ́ ọ̀nà méjèèjì nínú agbo ilé kan ní Òkè-Baálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ti ìwé. Òṣóògùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a ti mú Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821. Nígbà tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tí ó sì tẹ òmíràn pẹ̀lú gírámà ní 1852, ahọ́n ibi tí wọ́n bí i sí ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí a rántí pé inú iṣẹ́ 1852 yìí, tí Vidal kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí, ni a ti kọ́kọ́ pe àkíyèsí àwọn òǹkàwé sí bí fáwẹ́lì arọ́pò-orúkọ àti ti ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń bá ara wọn mu. Ìpàdé lórí àkọtọ́ wáyé ní Èkó ní 1875. Odindi Bíbélì jáde ní 1884. Ìgbìmọ̀ àkọtọ́ jókòó ní 1966. Ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Ní gbogbo ìrìn yìí, ‘orúkọ’ ni ó ń wọ inú ìwé, ‘ọrúkọ’ kò sì rí ẹni gbé e wọlé.

Àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn ni ó padà wá tú òfin náà wò fínnífínní. Ní 1967, Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì kọ àpilẹ̀kọ lórí àǹkóò. Ní 1973, Oyèláràn kọ tirẹ̀ lórí irú fáwẹ́lì tí kò lè bá irú kan gbé pọ̀. Ní 1989, Archangeli àti Pulleyblank fi àǹkóò Yorùbá gbé tíọ́rì kan kalẹ̀, láti ìgbà náà ni orúkọ èdè wa kò ti gbẹ́yìn nínú ìjíròrò àwọn onímọ̀ fonọ́lọ́jì ní àgbáyé. Ohun tí ó sì mú wọn fẹ́ràn Yorùbá ni ohun tí ìlà pupa olùkọ́ ń pa rẹ́, èyíinì ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ‘èlùbọ́’ àti ‘ẹ̀lùbọ́’.

Ohun tí ó kan olùkọ́ àti olùdánwò

Kí olùdánwò má ṣe ṣi ọ̀rọ̀ wa gbọ́. Nínú ìdánwò, ‘orúkọ’ ni kí ó kọ, ‘ewúrẹ́’ ni kí ó kọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó ṣàlàyé àǹkóò fáwẹ́lì, kí ó má ṣe dúró lórí pé e kì í bá ẹ gbé. Kí ó sọ pé inú ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé tú ni òfin náà ti múlẹ̀. Kí ó fi hàn pé láti ẹ̀yìn ni àṣẹ ti ń wá. Kí ó ya ìwà a ní ìbẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìwà rẹ̀ ní ìparí. Kí ó yọ ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ àti ọ̀rọ̀ àyálò sẹ́yìn. Kí ó sì sọ ohun tí i àti u ń ṣe nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Bí ó bá lè fi ti Ìjẹ̀ṣà tàbí ti Èkìtì gbè é lẹ́sẹ̀, yóò hàn pé ó mọ ìdí ọ̀rọ̀, kì í ṣe pé ó há a sórí.

Ní ti olùkọ́, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ju máàkì lọ. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ti ń tijú láti sọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà rẹ̀, ẹ̀rí kan ń kú. Ìwé ìtàn kò kọ ìgbà tí ị rì sínú i sílẹ̀. Kò sí òkúta tí a gbẹ́ ẹ sí. Ẹnu àwọn ènìyàn nìkan ni ó wà, ẹnu a sì máa dákẹ́. Kò ṣòro fún olùkọ́ láti ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ gbọ́ bí àwọn àgbà ilé wọn ṣe ń pe ogún ọ̀rọ̀ péré, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti gbọ́ ọ, kí wọ́n sì fi wé ti ìwé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ wọn ní fonọ́lọ́jì ju kí wọ́n há òfin sórí lọ.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àǹkóò fáwẹ́lì jẹ́ òfin tí ó so àwọn fáwẹ́lì inú ọ̀rọ̀ pọ̀, pé ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ẹ̀ka-èdè wa ń gbà kọjá lára i àti u, àti pé ìtàn ni ó gbé ọ̀kan sórí àga, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá fa ìlà pupa sí ‘ọrúkọ’, kí ó kọ gbólóhùn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: báyìí kọ́ ni a ṣe ń kọ ọ́ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ ọ ní báyìí mọ òfin tirẹ̀. Ọmọ náà yóò gba máàkì tí ó tọ́ sí i, yóò sì lè padà sílé láìfi ojú tín-ín-rín wo ìyá àgbà rẹ̀.